Ṣé rédíò àfọwọ́mú tó ń ṣe CB àti ham pọ̀ tó ohun tá à ń fowó rà?

Àkànní27
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó náwó. Mo fẹ́ ra rédíò àfọwọ́mú kan, irú èyí tó ń ṣe AM, FM àti SSB (tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ìgbì gbé ohùn) pọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lórí CB, ìyẹn rédíò tí ará ìlú fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ní 27 MHz, tí wọ́n tún ní ó lè bọ́ sí mítà 10 ní 28 MHz, ti àwọn ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò ṣe eré ìdárayá tí wọ́n sì yege ìdánwò rẹ̀. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi ṣe. Àkọ́kọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń rìn lórí òkè, a máa ń pínyà lójú ọ̀nà nígbà mìíràn, ibẹ̀ ò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rárá. Ìkejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò ham ni, ó wù mí kí n máa gbọ́ àwọn tó wà lókè òkun kí n sì máa dá wọn lóhùn. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé wáàtì 4 ni lórí AM àti FM, wáàtì 12 lórí SSB. Èríà rẹ̀ ò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Owó rẹ̀ ò kéré lójú mi. Ṣé kí n rà á ni àbí kí n fowó mi ṣe nǹkan mìíràn?

AyọÈríà
Má rà á, àbúrò. Mo ti ra irú ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, mo dúró níta, mo ń pe ọ̀rẹ́ mi kan tí ilé rẹ̀ ò ju kìlómítà 3 lọ, kò gbọ́ nǹkan kan àfi ariwo bí ẹni ń din epo. Mo wọlé, mo yọ èríà kékeré yẹn, mo fi wáyà èríà tó wà lórí òrùlé há a. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ló ti dá mi lóhùn, ó ní àbí mo ti dé ẹnu ọ̀nà òun ni. Rédíò kan náà o, bátìrì kan náà, ìkànnì kan náà. Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé èríà ni mo yẹ kí n náwó lé lórí.

Adé_SSB
Òótọ́ ni AyọÈríà ń sọ, ẹ jẹ́ kí n là á yé Àkànní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé wókì-tókì ni gbogbo wókì-tókì. Ìgbì 27 MHz gùn tó mítà 11. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, tó jẹ́ gígùn tí èríà olóòró kan máa ń fẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, jẹ́ mítà 2.7 àti díẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ. Tó bá jẹ́ 145 MHz ti àwọn ham ni, ìdá kan nínú mẹ́rin ò ju nǹkan bí ààbọ̀ mítà lọ, tó bá sì jẹ́ 446 MHz, sẹ̀ǹtímítà 16 tàbí 17 ti tó. Ìyẹn ló jẹ́ kí rédíò kékeré UHF (irú ti 446 MHz yẹn) máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú èríà kékeré láìsí wàhálà, èríà yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn tó yẹ. Ṣùgbọ́n ti 27 MHz, wọ́n á ká wáyà sínú rọ́bà títí tí yóò fi dà bíi pé ó gùn, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí rédíò bá tì jáde á wá di ooru sínú wáyà yẹn, díẹ̀ ló máa jáde sí afẹ́fẹ́.

Nǹkan kejì tí wọn kì í kọ sára páálí: èríà ò lè dá ṣiṣẹ́, ó nílò ilẹ̀ tàbí nǹkan irin tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tì. Lára rédíò àfọwọ́mú, ara ẹni tó dì í mú ni ilẹ̀ yẹn. Mo rí i fúnra mi, mò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, mo gbé rédíò sórí tábìlì kí n lè kọ nǹkan sílẹ̀, ló bá pòórá. Mo nawọ́ kan rédíò lásán, mi ò tíì gbé e o, ó padà wá.

Moji_Òkè
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó má rà á, ẹ rọra o. Èmi ní ọ̀kan, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Èríà rọ́bà tó bá a wá, mo ti jù ú sínú àpò láti ọjọ́ kejì, èyí tó ń nà jáde bíi ti rédíò àtijọ́ ni mo ń lò, ó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀. Mo gun òkè kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó lórí àpáta, mo yí i sí SSB, mo sì bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ó ju kìlómítà 1,500 lọ síbi tí mo wà. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ pè padà sí mi, ara mi bù máṣọ. Ẹ sì rántí pé wáàtì 12 ni SSB, ìlọ́po mẹ́ta AM nìyẹn, ó dẹ̀ máa jìnnà níye ìgbà mẹ́ta.

BàbáÌgbì
Moji ọmọ mi, inú mi dùn sí ohùn tó o gbọ́ lórí àpáta yẹn, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún ìṣirò yẹn ṣe kí Àkànní má baà gbé e lọ sọ́jà. Wáàtì 4 ti AM kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú wáàtì 12 ti SSB. Wáàtì 4 AM jẹ́ ti ìgbì tó ń gbé ohùn, èyí tó máa ń jáde bó o sọ̀rọ̀ bó ò sọ̀rọ̀. Tó o bá wá sọ̀rọ̀ kíkún sí i, òkè ohùn rẹ á dé wáàtì 16. Wáàtì 12 ti SSB sì jẹ́ ti òkè ohùn nìkan. Nítorí náà bó o bá ka òkè sí òkè, AM ló tiẹ̀ pọ̀ jù.

Kí ló wá jẹ́ kí SSB máa jìnnà? Ìgbì tó ń gbé ohùn AM yẹn kò gbé ọ̀rọ̀ kankan, òun ló sì máa ń jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára kódà tó o bá ń pariwo sí i. Ohùn náà á tún pín sí ẹ̀gbẹ́ méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. SSB gé gbogbo ìyẹn dànù, ó kó agbára rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbọ́ náà á lè fi ihò tóóró gbọ́ ọ, ariwo tó máa bá a wọlé á dín kù.

Ìlọ́po mẹ́ta agbára ò sì túmọ̀ sí ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà. Lára ẹ̀rọ tó ń fi agbára ìgbì hàn lójú rédíò, wàá nílò ìlọ́po mẹ́rin agbára kó tó gun ìdá S kan péré. Èríà tó sunwọ̀n díẹ̀ á ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ láìfi kún bátìrì.

Moji_Òkè
Ẹ ṣé gan-an Bàbá, mo gbà, mi ò mọ ti wáàtì 16 yẹn rí. Síbẹ̀ mi ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi pé rédíò yìí wúlò fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nǹkan tó yí tèmi padà ni ìrù. Mo gé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mítà 2.6, mo so orí rẹ̀ mọ́ irin ìdí èríà, ẹ̀gbẹ́ òde ihò BNC yẹn o, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àárín, mo wá jẹ́ kí ìyókù máa wọ́lẹ̀ tàbí kó rọ̀ sísàlẹ̀ láti orí àpáta. Ẹni tí mo ń bá dán an wò ní kí n ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo yọ wáyà, ó ní mo ti lọ sílẹ̀ gan-an, mo dá a padà, ó ní mo ti gòkè. A ṣe é tó ìgbà márùn-ún kó lè dá wa lójú. Wáyà lásán.

Tọ́sìn_Ẹsẹ̀
Sista Moji, wáyà mítà 2.6 tó ń wọ́ lẹ́yìn èèyàn nínú igbó ṣe máa jẹ́ báyìí? Á kọ́ igi, á kọ́ òkúta. Ó dára téèyàn bá jókòó sójú kan. Àkànní ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun ń rìn ni.

Ká sọ tòótọ́, fún èèyàn méjì tó ń rìn, rédíò UHF kékeré ló bá a mu. Mo lo PMR446 nígbà tí mo wà ní Yúróòpù, ìdajì wáàtì péré ni, kò sì béèrè láísẹ́ńsì. Nínú àpò àyà ló ń gbé, èríà rẹ̀ ò gùn tó bíró, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ní FRS, òun náà ò gba láísẹ́ńsì, ó sì lè dé wáàtì 2 lórí àwọn ìkànnì kan.

Adé_SSB
Tọ́sìn, mo bá ọ lọ dé ibì kan, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé òkè fúnra rẹ̀. UHF máa ń fẹ́ kí ẹni méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ara wọn. Tí òkè bá wà láàárín Àkànní àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí igbó dídí tí ewé rẹ̀ tutù, UHF máa ń kú síbẹ̀. Ìgbì gígùn bíi 27 MHz máa ń lè tẹ̀ gba orí òkè kọjá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí CB ti dára ju UHF nìyẹn, ìṣòro rẹ̀ náà ni pé èríà kékeré ti jẹ gbogbo àǹfààní yẹn kó tó jáde.

Tọ́sìn_Ẹsẹ̀
Òótọ́ ni, ti ẹ̀yìn òkè yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi. VHF, irú 145 MHz ti àwọn ham yẹn, wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kàn máa ní láti gba láísẹ́ńsì ham.

Olófin_Afẹ́fẹ́
Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dárúkọ láísẹ́ńsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dáadáa torí ibi tí mo ti rí àwọn èèyàn tó kó sí wàhálà nìyí.

CB àti ham jẹ́ òfin méjì, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, CB ò nílò láísẹ́ńsì, ìkànnì 40 ló ní, láti 26.965 dé 27.405 MHz, ṣùgbọ́n rédíò fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò níbẹ̀, fún CB. Ham ní tiẹ̀, ìwọ tó ń lò ó lo ní ìwé ẹ̀rí, kò sì sí ẹni tó máa bi ọ́ bóyá ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ so rédíò rẹ pọ̀. Wàyí o, ẹ̀rọ tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bíi ti mítà 10, tí wọ́n wá ní tó o bá tẹ bọ́tìnnì méjì mọ́lẹ̀ tó o sì tan án yóò ṣí 27 MHz, kò ní ìwé ẹ̀rí CB yẹn. Láísẹ́ńsì ham rẹ ò bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Láti ìhà kejì, rédíò CB tòótọ́ kì í sábà lè dé 28 MHz. Nítorí náà rédíò kan tó máa ṣe méjèèjì bófin ṣe fẹ́ ṣọ̀wọ́n, ohun tó ń wu Àkànní gan-an nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ló tún yàtọ̀. FM ò sí lórí CB Amẹ́ríkà títí di 2021 tí FCC gbà á láyè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìkànnì 40 mìíràn tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti 27.60125 MHz, yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, ẹni tó bá sì ra rédíò tó wà lórí ètò kan lè máa pe ẹni tó wà lórí ètò kejì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kọ́kọ́ wo òfin ibi tó o wà, lẹ́yìn náà wo ètò inú rédíò.

Kọ́lá_Wáàtì
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èèyàn ló ń tẹ bọ́tìnnì yẹn, ta ni wọ́n mú? Èmi rò pé ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ náà ni. Mo tiẹ̀ gbọ́ pé kò sí àyè láti bá ẹni tó jìn ju kìlómítà 250 lọ sọ̀rọ̀ lórí CB, gbogbo wọn sì ń ṣe é.

Olófin_Afẹ́fẹ́
Kọ́lá, òfin kìlómítà 250 yẹn ti kúrò ní Amẹ́ríkà láti 2017, ìròyìn àtijọ́ lo gbọ́. Ní ti bọ́tìnnì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ham ni Àkànní, orúkọ ìpè rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Mi ò fẹ́ kó fi rédíò kan ṣoṣo ba iṣẹ́ tó ṣe lórí ìdánwò yẹn jẹ́. Ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀ ni pé àwọn tó ń tà á mọ̀, wọn kì í sọ.

IyaBátìrì
Ẹ ò tíì sọ ti bátìrì, òun ló sì pa tèmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò yìí máa ń jẹ bátìrì AA mẹ́jọ. Mẹ́jọ tuntun tí a ń lò jùnù jẹ́ fóòtì 12, ṣùgbọ́n tó o bá lo èyí tí wọ́n ń ṣájì, 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ di 9.6, wáàtì 4 tí wọ́n kọ sára páálí á ti sá lọ. Èmi ò mọ̀ nígbà náà, mo rò pé wọ́n tà á fún mi ní bíbàjẹ́, mo ti fẹ́ dá a padà kí ọmọ mi tó fi mítà wọ̀n ọ́n. Ẹ wo bóyá ó ní àyè fún bátìrì mẹ́wàá tó bá jẹ́ èyí tí ń ṣájì lẹ máa lò, àwọn kan ní i. AM ló máa ń jẹ iná jù torí ìgbì yẹn ń jáde kódà nígbà tẹ́nu èèyàn dákẹ́. SSB máa ń fúnni ní ìsinmi láàárín ọ̀rọ̀. Ohun mìíràn, ẹ pa iná ojú rẹ̀, kò nílò kó máa tàn lọ́sàn-án.

Adé_SSB
Ẹ ṣé Mama, àtipé ti SSB yẹn, kí Àkànní mọ̀ pé ó nílò ọwọ́. Tí rédíò méjì bá fi díẹ̀ yàtọ̀, bí hertz 100 tàbí 200, ohùn á dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ tàbí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Bọ́tìnnì kékeré kan wà fún títún un ṣe. Lórí rédíò àfọwọ́mú, bọ́tìnnì yẹn kéré, rédíò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àpò gbígbóná sínú òtútù á sì máa sún díẹ̀díẹ̀, wàá máa lé ohùn ẹni náà kiri. Ó ṣeé kọ́ o, kò kàn ṣeé fún ẹ̀gbọ́n rẹ lójijì lórí òkè kí o ní kó máa pè ọ́. Fún èèyàn méjì tí ò jìnnà síra, FM ló rọrùn jù, ó mọ́ létí, squelch rẹ̀, ohun tó ń pa rédíò lẹ́nu mọ́ tẹ́nì kan ò bá sọ̀rọ̀, á sì pa ariwo.

BàbáÌgbì
Àkànní, jẹ́ kí n wá sọ ti òkè òkun tó o béèrè. Ohùn tí Moji gbọ́ lórí àpáta, kì í ṣe rédíò nìkan ló ṣe é, oòrùn náà ni. 27 àti 28 MHz máa ń fò lára awọsánmà iná tó wà lókè (ìpele afẹ́fẹ́ tí oòrùn fi iná ẹlẹ́tíríìkì sí lára, kì í ṣe ti òjò) nígbà tí oòrùn bá gbóná, ìyípo oòrùn yẹn sì máa ń tó ọdún 11. Èyí tá a wà nínú rẹ̀, ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ní December 2019, àwọn àjọ Amẹ́ríkà NASA àti NOAA sì kéde ní October 2024 pé ó ti dé ìgbà òkè rẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, wáàtì 5 àti wáyà lásán máa ń gba òkun kọjá. Tó bá wá dé ìsàlẹ̀, ó lè lọ ọjọ́ púpọ̀ láìgbọ́ nǹkan kan, àfi ìgbà ooru ní apá àríwá ayé, láti nǹkan bíi May sí August, tí awọsánmà kan máa ń yọ lójijì, á ṣí fún wákàtí díẹ̀, á tún pa dé. Mo sọ èyí kó o má baà rà á lọ́dún tó dákẹ́ kó o wá bú rédíò.

Ní tèmi, tí mo bá máa náwó lórí SSB tí mo lè gbé kọ́ èjìká, èyí tí wọ́n ṣe fún ham gan-an ni màá rà. FT-817 ti Yaesu ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wáàtì 5 ni. IC-705 ti Icom jáde ní 2020, wáàtì 5 lórí bátìrì tirẹ̀, 10 tó bá rí iná láti ìta. Àwọn yẹn ò wọ àpò àyà, owó wọn sì wúwo, ṣùgbọ́n láti HF (ibi tí 28 MHz wà) dé UHF ni gbogbo rẹ̀, wàá lò ó pẹ́. CB ni wọn ò ní ṣe fún ọ, má sì fipá mú wọn.

AyọÈríà
Tàbí kó ra rédíò inú mọ́tò tó jẹ́ ti mítà 10, kó fi bátìrì lithium sínú báàgì, kó gbé wáyà mítà 5 sórí igi. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kì í tó ti àfọwọ́mú ìgbà mìíràn, bọ́tìnnì rẹ̀ sì tóbi.

Àkànní27
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, mi ò ronú dé ibi púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lánàá, mo kà á sí i létí. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé a ò ní ra èyí tí mo dárúkọ yẹn báyìí. Fún ìrìn, a máa ra UHF kékeré méjì tí ò nílò láísẹ́ńsì, tí òkè bá wà láàárín wa a ó dá àkókò tí ẹni tó wà lókè máa dúró pe èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun náà máa jókòó ìdánwò ham, èyí yà mí lẹ́nu. Ti òkè òkun, màá máa tọ́jú owó fún irú èyí tí Bàbá sọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní irú àfọwọ́mú yẹn tí ò lò mọ́, ó ní òun lè yá mi fún oṣù kan. Kí ni kí n fi dán an wò kí n lè mọ̀ bóyá nǹkan kan ń wọlé?

Moji_Òkè
Ó dára bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ wo ìdí èríà rẹ̀, tó bá ń mì, má lò ó, torí èríà gígùn tó ń nà jáde máa ń fa ihò yẹn ya nígbà tó bá kọ́ nǹkan. Má gbé rédíò dání ní èríà.

Lẹ́yìn náà so ìrù 2.6 mítà yẹn mọ́ ọn, yí i sí USB (ẹ̀gbẹ́ òkè ti SSB), kó o wá sí 28.199 MHz kó o lè gbọ́ ohun tó wà lórí 28.200 bí fèrè. Àwọn ibùdó 18 káàkiri ayé ló ń pín ìgbì yẹn lò fún àwọn ham, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, gbogbo wọn á yí po láàárín ìṣẹ́jú 3. Wàá gbọ́ orúkọ ìpè rẹ̀ ní Morse, lẹ́yìn náà fèrè gígùn mẹ́rin: èkíní ní wáàtì 100, ìkejì 10, ìkẹta 1, ìkẹrin ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì. Tó o bá gbọ́ ti wáàtì 1 pẹ̀lú rédíò ọwọ́ rẹ, má jókòó sílé, gun òkè lọ́jọ́ yẹn. Tó ò bá gbọ́ ìkankan, tún dán an wò nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa, torí òru kì í sábà ṣí. Kọ àkókò tó o gbọ́ wọn sílẹ̀, kó o padà wá sọ fún wa.